Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Wẹ Ẹsẹ̀ Bàbá Ìjọ

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́, a kó padà sí Ìdógùn, ìlú rẹ̀. Ó dá oko kòkó, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn akọ̀wé ti ń dìde fún láti ọjọ́ pípẹ́, ìjókòó ẹ̀yìn kò lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí oyè Bàbá Ìjọ ṣe ṣófo báyìí, ló bá lọ rán agbádá funfun.

Mo ní, "Dádì, ta ló yàn yín?"

"Mò ń múra sílẹ̀ ni. Ìpè Ọlọ́run kì í bá ẹni tó ti múra lójijì."

Tíṣà ni ìjọ yàn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin yìí kó tó fẹ̀yìn tì, òun àti ọkọ mi ni wọ́n sì jọ ṣe kékeré. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ mi ń gbà jáde, kí wọ́n má baà pàdé. Nílé, àdúrà rẹ̀ gùn sí i: Ọlọ́run mọ ọkàn, Ọlọ́run mọ ẹni tó yẹ. Mo máa ń ṣe àmín, àmọ́ ohun tí mò ń ṣe é sí kò yé mi.

Nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, alùfáà wá bá wa nílé. Ó ní kí ọkọ mi kópa nínú ìsìn ẹsẹ̀-wíwẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn, torí àgbà tó níyì ni alùfáà máa ń wẹ ẹsẹ̀ fún. Ó wakọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, ó ra sálúbàtà tuntun, ó tún ní kí n bá òun gé èékánná.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, alùfáà pè é síwájú, ó fi táwẹ́ẹ̀lì lé e léjìká.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, Bàbá. Ẹ bá mi wẹ ẹsẹ̀ àwọn àgbà tó jókòó yìí."

Ọkọ mi wò mí. Ilẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi.

Tíṣà ló jókòó ṣíwájú. Ọkọ mi kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó bu omi. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan àtẹ́lẹsẹ̀ Tíṣà, ni ìyẹn fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Rọra," Tíṣà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "O mọ̀ pé ọwọ́ níbẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín."

"Láti kékeré ni mo ti mọ̀," ọkọ mi fèsì, ó sì tún fọwọ́ kàn án.

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, omi dà sí ọkọ mi láyà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kí a tó mọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á, àtàwọn akọrin.

Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ìyókù. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún oko ti gún títí ni tiwọn, ó sì fara balẹ̀ nù wọ́n dáadáa. Bàbá arúgbó kan gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un.

Nílé, mo bi í bóyá oyè yẹn ṣì ń dùn ún.

"Ó ń dùn mí díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti àná."

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yìn alùfáà dùn lóòótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi àti Tíṣà ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ débi pé alùfáà ti dá ìwàásù dúró rí, ó ní kí àwọn bàbá méjèèjì jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun parí.