Ọmọ́ṣọlá àti Ẹ̀rọ Fọ́tò Rẹ̀ Méjì

Bí ẹ bá fẹ́ bá Ọmọ́ṣọlá jà ní Igbó-Ọrà, ẹ sọ fún un pé fọ́tò tó tẹ̀ kò jọ yín. Á gbé fọ́tò náà jáde sínú oòrùn, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín, á sì máa wò yín títí ojú á fi tì yín. "Ṣé kì í ṣe imú yín nìyí?" Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀, mo sì ti rí ọkùnrin gìrìwò tó gbà níkẹyìn pé imú òun ni.

Ẹ̀rọ tó fi ń tẹ fọ́tò jẹ́ méjì. Ọjọ́ kan náà ló rà wọ́n ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà. Kí wọ́n tó gbé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù ló ti sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa á rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Bó bá ra íǹkì fún Táyé, dandan ni kó ra ti Kẹ́hìndé, kódà bí ti Kẹ́hìndé ò tíì tán. Bó bá gba iṣẹ́ ogún fọ́tò, Táyé á tẹ mẹ́wàá, Kẹ́hìndé á tẹ mẹ́wàá. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá irin náà máa ń jowú ni. Ó ní, "Màmá Abíọ́nà, ẹ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ o, ẹ kọjú sí abẹ́rẹ́ yín."

Ẹ̀rọ fọ́tò kò mọ àwọ̀ bí ojú wa ṣe mọ̀ ọ́n. Òmíràn fẹ́ràn pupa jù, òmíràn fẹ́ràn yẹ́lò. Ìdí nìyẹn tí Ọmọ́ṣọlá fi ní kí Táyé tẹ bébà kan tó kún fún oríṣiríṣi àwọ̀, tó sì fi rán dírẹ́bà sí Obadiah, ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ka àwọ̀. Obadiah kà á tán, ó fi fáìlì kan ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà Ọmọ́ṣọlá. Pròfáìlì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣàṣejù, kí ó lè bá a dín in kù. Láti ọjọ́ náà ni fọ́tò Táyé ti ń jáde bí ẹni náà ṣe rí gẹ́lẹ́.

Pròfáìlì kan náà ló fi fún Kẹ́hìndé. Ta ló ń wá méjì fún ìbejì? Lóòótọ́, Kẹ́hìndé máa ń mú kí ojú èèyàn pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa torí ìyẹn ráhùn? Ńṣe làwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín ń dúpẹ́ pé àwọn pupa.

Bó ṣe wà nìyẹn títí Sístà Keturah fi dé. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń bójú tó àwọn ìyá ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa. Ó mú àwòrán ojú ọmọ méjì wá: èkíní ní ibà pọ́njú, ara èkejì dá ṣáṣá. Ó fẹ́ gbé wọn kọ́ sára ògiri lọ́jọ́ Túsìdeè tí àwọn ìyá máa ń pé jọ. Ó ní ọmọ tó bá dúdú, àwọ̀ ara rẹ̀ lè tan èèyàn, ibi funfun ojú ni ká máa wò.

Ọmọ́ṣọlá kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi gba iṣẹ́ náà. Èmi mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Olúwayẹ́misí, tó wà nílé ọkọ ní Lanlate, bí ọmọkùnrin lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ojú ọmọ náà pọ́n. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo wa ló gbé e. Èmi gan-an ni mo la ẹnu mi pé, "Eléyìí máa pupa bíi bàbá àgbà rẹ̀," gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti ìgbà náà, mi ò sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ọmọ ọlọ́mọ mọ́.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, Táyé tẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn, Kẹ́hìndé tẹ èyí tí ara rẹ̀ dá. Sístà Keturah tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì mi, ó wò wọ́n títí, ó wá kọjú sí Ọmọ́ṣọlá, ìyá Ìyanu.

"Màmá Ìyanu, àwọn méjèèjì ló ń ṣàìsàn níbí."

"Báwo?"

"Ojú ẹni tí ara rẹ̀ dá ti pọ́n. Ìyá tí ojú ọmọ tiẹ̀ bá pọ́n báyìí, á fi wé eléyìí, á ní kò sóhun tó ṣe é. Tí kò bá dáa kó tó di Túsìdeè, mi ò ní gbé e kọ́. Ó sàn kí ògiri ṣófo."

Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ́ṣọlá ò bá a jà, ìyẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù. Ó fọ ẹnu íǹkì Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pààrọ̀ bébà. Ó yọ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, ó fi òmíràn sí i. Ó bú ọyẹ́, ó bú fóònù tí nọ́ọ̀sì fi ya àwòrán. Títí di ọ̀sán Mọ́ńdè, pípọ́n náà ni ojú ọmọ ń pọ́n.

Sístà Keturah tún yà wá. Ọmọ́ṣọlá fi ìbínú sọ fún un pé, "Pròfáìlì kan náà làwọn méjèèjì ń lò, Sístà. Ìbejì ni wọ́n. Ohun tí mo ṣe fún Táyé náà ni mo ṣe fún Kẹ́hìndé!"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Ìyanu, ìbejì ni mò ń wọ̀n lójoojúmọ́ ayé mi. Kálukú ló ń gun òṣùwọ̀n, kálukú ló sì ní káàdì tiẹ̀. Tí mo bá lọ kọ ìwọ̀n Táyé sínú káàdì Kẹ́hìndé, lọ́jọ́ tí Kẹ́hìndé bá ń rù, ta ló máa mọ̀?"

Ọmọ́ṣọlá dìde lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó gbé àwòrán ọmọ tí ara rẹ̀ dá fún Táyé. Bébà náà ń yọ díẹ̀díẹ̀. A gbé e jáde sínú oòrùn. Ojú ọmọ funfun bí òwú! Mo mí kanlẹ̀. Ọmọ́ṣọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àtàtà tó wọ̀, ó ń sọ pé, "Ọlọ́run ṣeun, Ọlọ́run ṣeun."

Táyé nìkan ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kẹ́hìndé tẹ bébà àwọ̀ tiẹ̀, bébà náà lọ bá Obadiah, Kẹ́hìndé sì gba pròfáìlì tiẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn kan ṣì ń ráhùn títí dòní pé Kẹ́hìndé ò jẹ́ káwọn pupa mọ́.

Nígbà tó di Túsìdeè, èmi àti Ọmọ́ṣọlá jọ lọ wo bí wọ́n ṣe gbé àwòrán méjèèjì kọ́. Sístà Keturah ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aliyyah jókòó sí iwájú pẹ̀lú àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́fà. Ó wo ògiri, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó tún wo ògiri. Ló bá dìde.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ọmọ mi jọ ti apá òsì."

Apá òsì ni ọmọ tó ń ṣàìsàn wà. Sístà Keturah gbé ọmọ lọ síbi fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì fi àkókò ṣòfò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mọ́tò ti gbé tìyá tọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, mi ò gbádùn oúnjẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì pè wá lórí fóònù: wọ́n ti padà délé, ojú ọmọ ti mọ́, ó sì ń mu ọmú dáadáa.

Lójú ẹsẹ̀ ni Ọmọ́ṣọlá pe Lanlate. Ó gbé fóònù sórí tábìlì mi kí àwa méjèèjì lè jọ máa gbọ́, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Olúwayẹ́misí wá béèrè pé:

"Àǹtí mi, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rí i?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó tún béèrè pé, "Ṣé Màmá Abíọ́nà wà níbẹ̀?"

Mo ní mo wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa nígbà yẹn."

Mo gbé orí lé maṣíìnì mi, mo sunkún, ara sì tù mí.