Kàlẹ́ńdà Mẹ́ta Tí Adéríbigbé So Pọ̀

Nínú ìdílé tí Adéríbigbé ti ṣẹ̀ wá ní Òkìtìpupa, iṣẹ́ àjogúnbá ni pípe ènìyàn jọ. Baba ńlá rẹ̀ ni ó máa ń lu agogo yí ìlú ká bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bàbá rẹ̀ ni ó ń lu agogo ìjọ Aládùúrà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí ó kan òun, ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, fóònù ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Akọ̀wé ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, òun náà sì ni akọ̀wé ìjọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mẹ́ta ni ti Adéríbigbé. Kàlẹ́ńdà mẹ́ta ni ó ń tọ́jú lórí ayélujára: ti ibi iṣẹ́, ti ìjọ, tí ó wà lórí fóònù gbogbo ọmọ ìjọ, àti ti ara rẹ̀. Nítorí pé ìpàdé ibi iṣẹ́ a máa kọlu ìsìn, ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ohun tí ó bá kọ sínú ọ̀kan lè máa hàn nínú àwọn yòókù. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó so ewúrẹ́ mẹ́ta mọ́ èèkàn kan. Kò rántí bí ewúrẹ́ ṣe ń lọ́ okùn mọ́ ara wọn.

Ní àkókò náà, ó ń fẹ́ Motọ́lání, olùkọ́ kan ní Igbódìgò. Bàbá ọmọbìnrin náà, Àríyọ̀ olóko ọ̀pẹ, ti kọ̀ fún un nígbà kan rí.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ? N kò ní fi ọmọ mi fún igi tí ó dá dúró lóko."

Adéríbigbé pinnu láti padà lọ bẹ̀ ẹ́ ní jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ bí wọ́n bá tún lé e. Ó kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà ara rẹ̀ pé: "Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé Bàbá Àríyọ̀, Igbódìgò. Jésù, ṣíwájú." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń fi àdúrà kádìí ohun gbogbo, ìbáà ṣe ìpàdé lórí ẹ̀rọ omi.

Ní Sátidé náà, bí ó ti dọ̀bálẹ̀ fún Àríyọ̀ báyìí, ni agogo dún lójú ọ̀nà, tí orin sì gba àdúgbò kan. Ìjọ ti dé: aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, àbẹ́là lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ nìkan ni kò wá. Wọn kì í wo kàlẹ́ńdà ní Sátidé. Ìyá Ìjọ Mildred ni ó ṣáájú.

"Akọ̀wé, o ti dé ṣáájú wa! A rí àdúrà tí o kọ sínú kàlẹ́ńdà. Níbo ni aláìsàn náà wà?"

"Kò sí aláìsàn, Ìyá," ni Adéríbigbé wí láti orí ìdọ̀bálẹ̀.

"Kí ni o wá ń wá nílẹ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Motọ́lání ni. "Ìyàwó ni ó ń wá, mà."

Ìyá Mildred pàtẹ́wọ́. "Háà! O ń fẹ́ ìyàwó bí ẹni tí ń jí adìẹ gbé!" Ó yíjú sí Àríyọ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ wa ni. Àwa ni a bí i." Gbogbo àgbàlá náà sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àríyọ̀ wò wọ́n títí. "Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni o ní, tí o fi ń dá wá?"

Adéríbigbé kò lè purọ́. "Fóònù ni ó ṣèèṣì pè wọ́n, Bàbá."

"Ó pè wọ́n, mo gbọ́. Ṣé fóònù náà ni ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀?" Àríyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Dìde, ọmọ mi."

Títí di òní, Adéríbigbé kò kọ́ ilé alájà, kò sì jẹ oyè. Kàlẹ́ńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà ní síso pọ̀. Motọ́lání, ìyàwó rẹ̀, kò jẹ́ kí ó tú wọn. Baba ńlá rẹ̀ pe ènìyàn fún ọba, bàbá rẹ̀ pe ènìyàn fún Ọlọ́run. Òun ṣèèṣì pè wọ́n fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì jẹ́ ìpè náà.