Iṣẹ́ Jẹjẹrẹ Tí Mi Ò Forúkọ Sí

Òórùn ẹ̀pà tó ti bu ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí mo bá rántí ìgbà Ìyípadà ní Ìdáàṣà. Nígbà náà, ìjọba ní ká máa pe ara wa ní kamaráàdì, bí ẹnì kan bá sì ké "Ehuzu!", ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, gbogbo wa á dáhùn "Dandan!", ì báà jẹ́ pé òkèlè wà lẹ́nu wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn dé, irùngbọ̀n mi kò tíì kún, àmọ́ ó dá mi lójú pé èmi ni màá lé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kúrò lórí àwọn òkè yẹn. Àwọn àgbẹ̀ tí ara wọn le koko ló máa ń mú. Ikùn wọn á wú, ojú wọn á pọ́n bí ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe, kí ọdún tó yí po wọ́n ti lọ.

Alága ìgbìmọ̀ ìlera wa, àgbẹ̀ kan láti Soclogbo, ló ń mú mi wọlé àwọn èèyàn. Ilé tí mo bá dé, àṣà kan náà ni mo ń bá: ẹ̀pà tó dára ni wọ́n ń tà, èyí tó bu ni ti ilé, wọ́n á fi se ọbẹ̀, wọ́n á fi ṣe kulíkúlí. Kì í ṣe òṣì lójú wọn, ìyàwó tó mọ ilé tọ́jú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn, mo yẹ oúnjẹ wọn wò, mo fi ilé tí àìsàn ti wọ wé èyí tí kò wọ, títí ó fi hàn gbangba pé ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu yẹn ń bá jẹjẹrẹ rìn. Mo sì kọ ọ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Nígbà tó ku ká fi í ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Faransé, alága pe ìpàdé. Ó ní, "Kamaráàdì dókítà, ta ló ni ẹ̀jẹ̀ tó o gbà? Ta ló ni ẹ̀pà? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Orúkọ ìgbìmọ̀ ni kó o kọ sí i." Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ tó gùn ju tiẹ̀ lọ. Mo ní ìwà àwọn olówó ni kí èèyàn máa kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sórí iṣẹ́ gbogbo ìlú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí mi wú nítorí ìrẹ̀lẹ̀ mi títí mo fi délé.

Àpilẹ̀kọ náà jáde, ó sì rìn jìnnà. Kò pẹ́ tí ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan nípa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kò fi lè ṣe é kó má tọ́ka sí Ìgbìmọ̀ Ìdáàṣà. Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò ni mo fẹ́, níbi tí a ti máa yẹ ẹ̀pà wò kó tó wọ ẹnu, tí a sì máa rí àìsàn kó tó pọ̀ jù. Ìjọba kò lówó. Àwọn òyìnbó kan tó ń ṣèrànwọ́ ní Kútọnu ló lówó, wọ́n sì ní kí n mú ohun tí mo ti kọ wá, àti iye àwọn tó tọ́ka sí i. Mo gbé àpilẹ̀kọ wa síwájú ọ̀gá wọn. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá orúkọ mi.

Ó ní, "Iṣẹ́ ńlá nìyí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀yin ti kọ?"

Mo lọ sọ fún alága. Nígbà yẹn ikùn tiẹ̀ náà ti ń wú. Mo ti fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó le bí òkúta, mo sì mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó wọ bùbá tó fẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ikùn rẹ̀, a jọ wọ takisí lọ sí Kútọnu kó lè jẹ́rìí mi. Wọ́n fún un ní àga àti omi, wọ́n gbọ́ ọ parí, wọ́n ní ẹ̀rí ẹnu kì í ṣe ìwé.

Nígbà tí à ń bọ̀, a ti kọjá Bohicon kí alága tó yíjú sí mi. Ó wá ní, "Dókítà." Kò pè mí ní kamaráàdì mọ́. "Ká ní mo jẹ́ kó o kọ orúkọ rẹ ni, ṣé ilé àyẹ̀wò yẹn ì bá ti wà?"

Mo ní ó ṣeé ṣe.

"Ṣé ǹ bá yè?"

Mo kọjú sí igbó tó ń sá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Iṣu tuntun kò bá a láyé, ìrètí mi sì bá a lọ.

Ìyípadà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ìgbìmọ̀ wa náà ti tú ká. Ọmọ ọmọ mi fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ṣì ń tọ́ka sí wa títí dòní. Ó ní ẹnì kan láti òkè òkun tiẹ̀ ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí Ìgbìmọ̀ náà, kí wọ́n lè yẹ́ ẹ sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ilé àyẹ̀wò kò sí.

Lọ́sàn-án àná, ìyàwó ọmọ mi jókòó níwájú mi, ó ń ṣa ẹ̀pà. Èyí tó dára ń lọ sínú àpò tí yóò gbé lọ sọ́jà, èyí tó bu ń lọ sínú abọ́. Mo sọ ohun tí mo ti ń sọ fún un láti ìgbà tó ti wọlé wa, mo sì gbé abọ́ náà, mo dà á nù sẹ́yìn ògiri. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Nígbà tó rò pé oorun ti gbé mi lọ, ó rọra jáde lọ ṣà á. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ eruku kúrò lára ẹ̀pà náà.