Omi Olè

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bú Chérifath lójú mi, kó kọ́kọ́ wá ibi jókòó, torí ọ̀rọ̀ mi pọ̀. Láti ìgbà tó ti ń lẹ rọ́bà ẹsẹ̀ àlùpùpù ní ọjà Ouando ni mo ti ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì mọ irú orí kunkun tó ní.

Kànga agboolé wa ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Omi rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, a máa ń di imú mu ún ni. Chérifath lọ kọ́ iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ń gé rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, ó ń kó o sínú àgbá irin tó dé pa, ó ń dáná sábẹ́ rẹ̀ títí rọ́bà náà yóò fi di èédú. Ó ń fọ èédú ọ̀hún, ó ń tò ó sórí yanrìn nínú àgbá mìíràn, ó sì ń da omi kànga gbà á kọjá. Òórùn yẹn á lọ ráúráú. Làbó, ilé tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò omi, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò séwu.

Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́ níbí, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe nígbà tí ọwọ́ bá tẹ olè. Bàbá Issiaka, olórí agboolé wa, tutọ́ sílẹ̀.

"Ohun tí wọ́n ń fi kọ́ olè lọ́rùn kí wọ́n tó dáná sun ún, òun lo fẹ́ ká mu?"

Bó ṣe di omi olè nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bu ún mọ́. Bàbá ní tí ilẹ̀ Jímọ̀ bá fi ṣú tí ẹnikẹ́ni ò mu ún, kó gbé àgbá rẹ̀ jáde. Inú bí mi, mo fẹ́ lọ bá wọn jà. Chérifath ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Láàárọ̀ Jímọ̀, a jí rí ọ̀dà funfun lára àgbá náà, gàdàgbà gàdàgbà: OMI OLÈ. ẸNI TÍ KÒ JALÈ RÍ, KÓ WÁ MU.

Ta ló fẹ́ kọjá láìmu? Èmi ni mo kọ́kọ́ mu. Armel tó ń ta fóònù sáré dé, torí ó rí i pé a ń wo òun. Kí wọ́n tó pe ìrun, èèyàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Issiaka wọ aṣọ ìrun wọn jáde. Wọ́n ka ohun tó wà lára àgbá, wọ́n wò wá yíká. Wọ́n nawọ́ sí ife.

Chérifath rọra gba ife náà padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀yìn lẹ máa tò sí."