Kọ̀ǹpútà Dákú Lórí Ojú Alága

Ẹ bá mi kí Alága wa kú ewu. Kọ̀ǹpútà ló fojú rẹ̀ rí màbo lónìí.

Èmi àti Alága ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Rísíkátù ní Ìlàré. Òun ló ń bá wa gé fídíò ìpàdé ọdún wa, tó sì ń tò ó.

Rísíkátù ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, fídíò yìí mọ́ jù, ó wúwo fún kọ̀ǹpútà mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀dà kékeré tí kò mọ́ tó o ṣiṣẹ́, á yá; tí mo bá parí, á tún mọ́ bó ṣe wà."

Alága tún fìlà dé. "Wọn kì í ṣe kékeré fún irú wa. Bó ṣe mọ́ yẹn ni kó o lò ó."

Fídíò rìn díẹ̀, ó dúró gbagidi. Ojú Alága ló dúró lé: ó ń sùn ní ìjókòó ọlọ́lá, ẹnu là sílẹ̀, ó sì mọ́ débi tí ẹ lè ka eyín tó kù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tèmi ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ogún ìṣẹ́jú, kò lọ, kò bọ̀. Ìyá kan wọlé wá ya fọ́tò, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Ọjọ́ wo lẹ máa sin wọ́n?"

Alága fa fìlà bojú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Rísí ọmọ mi, ṣe ẹ̀dà kékeré yẹn. Tó o bá sì parí ẹ̀, má jẹ́ kó mọ́ jù."

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ sùn lọ́jọ́ ìpàdé náà, ẹ tètè jẹ́wọ́ nísàlẹ̀ níbí, kí n lè bá yín bẹ Rísíkátù.