Fáànù Tí Akọ̀wé Fi Wáyà Rán

Inú ń bí mi, n ò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ Fáòsíátù ni mo fẹ́ sọ, ìyàwó Basit. Basit ni àbúrò ọkọ mi, ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìbà. Ọkọ mi ni àkọ́bí ìyá wọn, nítorí náà èmi ni ìyálé Fáòsíátù nínú ẹbí.

Fáòsíátù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti ta ẹ̀yà fóònù ní Alábà rí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún jóná, kò jókòó sílé kó máa sunkún. Ó lọ kọ́ mọ́tò wíwà, ó ra Sienna àlòkù kan, ó sì ń fi kó àwọn ọmọ láti Ìbà Housing Estate lọ sí ilé-ìwé ní Okokomaiko. Ọmọ tirẹ̀ wà nínú wọn, ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ ọkùnrin bú u títí, ó sú wọn. Láàárọ̀, bí ẹ bá gbọ́ tó tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, ẹ tètè gbé ọmọ yín jáde, kì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin tó gbóná báyìí, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ló ń dì í lẹ́nu. Nílé wa, bí wọ́n bá bí ọmọ lánàá tí ìwọ ìyàwó dé lónìí, ọkọ rẹ lọmọ náà. Àbídèmí ni àbíkẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo dé ilé yìí, ikun imú rẹ̀ ni mo ń nù. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ni mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Akọ̀wé ò kọ nǹkan kan títí dòní. Mẹkáníìkì ló yà. Fáòsíátù dàgbà jù ú lọ, síbẹ̀ Akọ̀wé lòun náà ń pè é, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Akọ̀wé ṣe. Fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀ Sienna náà sán ní ìdí ewé kan. Fáòsíátù rí i fúnra rẹ̀ nígbà tó ń da omi sí mọ́tò, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé.

"Ṣé ká pààrọ̀ ẹ̀ ni, Akọ̀wé?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, pààrọ̀ kí ni? Original nìyí o, tòkúnbọ̀ Belgium ni. Tuntun tí wọ́n ń tà níta yẹn, China ni gbogbo ẹ̀. Fi sílẹ̀, màá bá ẹ manage ẹ̀."

Ó gbé wáyà sínú iná, ó fi lu ewé fáànù náà níhò, ó rán an bí ẹni rán bàtà, ó wá fi òwú àti gọ́ọ̀mù dí ojú rẹ̀. Èyí ò tó o. Ó tún so iná fáànù náà ní direct, kó máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣáná sí mọ́tò títí wọn ó fi pa á. Ó ní kí mọ́tò má baà gbóná ni. Ta ló ń sọ fún ẹlẹ́sẹ̀ ríro pé kó máa sáré káàkiri kí ẹsẹ̀ náà lè san?

Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mọ́tò hó lójú títì, wọn ò tíì dé Ìyànà Ìbà. Fáòsíátù kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, tírélà ń kọjá lára wọn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì dí wọn. Ọmọ mi ló délé sọ fún mi. Orí mi gbóná.

Mo ní, "Fáòsíátù, o ò ní pààrọ̀ fáànù yìí?"

"Ìyálé mi, Akọ̀wé ní ó ṣì dáa. Tí mo bá gbé e lọ síbòmíì, wọ́n á ní mo fojú ọmọ ilé gbolẹ̀."

Irọ́ kọ́. Ó ti sọ fún Basit, Basit ní àbúrò òun ò lè pa ìyàwó òun. Ìyá wa, ìyá ọkọ wa, ní ṣé àjèjì ló máa wá tún mọ́tò ṣe nílé tí mẹkáníìkì wà ni? Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun ń wọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Fáòsíátù ò lè jẹun àárọ̀ kó tó jáde. Ó ń fi etí gbọ́ fáànù títí dé Okokomaiko.

Ní ọjọ́ Fúráìdè, ó rí Ṣọlápé, ìyàwó Akọ̀wé, lẹ́nu géètì ilé-ìwé, tó ń sọ ọmọ wọn, Morẹ́nikẹ́, kalẹ̀ látinú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Morẹ́nikẹ́ ti ń bá Sienna lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ooru inú mọ́tò ń mú un bì, ni wọ́n ṣe yọ ọ́.

Fáòsíátù ní, "Ṣé èébì yẹn ò tíì lọ ni?"

"Èébì kẹ̀, Àǹtí?" Ẹnu ya Ṣọlápé. "Bàbá ẹ̀ ló ní kó má wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní fáànù tóun rán yẹn, ọjọ́ tó bá já, ó lè gún rédíétọ̀, kí omi gbígbóná tú sára àwọn tó wà níwájú. Mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín."

Fáòsíátù padà sínú Sienna. Ó rọra wa mọ́tò òfìfo lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìjanikin, ó ra fáànù, ó ní kí wọ́n tú direct náà kúrò. Bí ọkùnrin náà ṣe fọwọ́ kan fáànù àtijọ́, ewé rírán náà tẹ̀lé e lọ́wọ́. Nígbà tó sọ fún mi nírọ̀lẹ́, mo so gèlè mọ́ ìdí, mo fẹ́ lọ bá Akọ̀wé. Ó dì mí mú. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Akọ̀wé gbọ́ pé wọ́n gbé mọ́tò lọ sí Ìjanikin, ó lọ fẹjọ́ sun. Ní ọjọ́ Sánńdè, Ìyá wa pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Akọ̀wé rojọ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó ní ìyàwó ti sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Ìyá wa ní kí Fáòsíátù kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀. Mo fẹ́ bú gbàù. Fáòsíátù kúnlẹ̀ láìjanpata.

"Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ nilé. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí n tó lọ."

Akọ̀wé na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo ti gbọ́. Kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi." Kò tíì dìde. "Fáànù tuntun ti wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí Morẹ́nikẹ́ padà wá máa wọ mọ́tò láti Mọ́ńdè. Kò sí nǹkan tó lè já lù ú mọ́."

Ṣọlápé doríkodò. Ìyá wa wo Fáòsíátù, ó wo Akọ̀wé.

"Àbídèmí, ọmọ tìẹ ò wọ mọ́tò yẹn mọ́ ni? Kí ló dé?"

Akọ̀wé ń yẹ èékánná rẹ̀ wò. Basit, tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó níwájú Sienna náà láràárọ̀, dìde lórí àga.

"Dá Ìyá lóhùn," ni ó wí.