Ọjọ́ Tí A Yí Oko Bàbá Mi Ká

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì n'Íbàdàn, ìṣirò kan dí mi lọ́nà. Olùkọ́ wa ní bí èèyàn bá rìn yí etí ilẹ̀ ká, tó ń ṣírò ìrìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, yóò mọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó láìwọ inú rẹ̀ rárá. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́.

Nígbà tí a gba ọlidé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi l'Ẹ́dẹ, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé. Wọ́n dìde, wọ́n mú okùn.

"Oko wa l'Álájùé ńkọ́? Jẹ́ ká lọ yí i ká."

Wọ́n ta kókó sí okùn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Wọ́n ń fa okùn, mo ń kọ. Bí a bá rìn sí àríwá, n ó fi ìwọ̀n ìrìn náà sọ ìwọ̀n tí a fi jìnnà sí ẹnu ọ̀nà oko, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, sí ìhà ìlà-oòrùn di púpọ̀, n ó sì rò ó pọ̀. Bí a bá rìn sí gúúsù, n ó yọ ọ́ kúrò. Odò ló wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Ẹrẹ̀ kún ibẹ̀, mo bá fò ó.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ nílé, oko tó ń bọ́ gbogbo wa kò tó yàrá kan! Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ odò tí a fò ńkọ́? A ò tíì yí oko ká."

Ojú tì mí. Olùkọ́ wa ti sọ ọ́: a gbọ́dọ̀ padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, a parí rẹ̀, mo sì tún un ṣírò. Lẹ́yìn náà la fi ọjọ́ méjì pín inú oko sí ègé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ebè iṣu, mo sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ilẹ̀ ebè mélòó kan lọ.

Bàbá ṣí fìlà.

"Ta ló sọ ohun tó wà nínú oko fún etí rẹ̀?"

"Bàbá, n kò mọ̀."

"Àwọn tó kọ ìwé yín ńkọ́?"

"Wọ́n lè fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, sà."

"Ó ga o," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e nínú ìwé ìṣirò mi. Níbẹ̀, kò pọn dandan kí ilẹ̀ tẹ́jú mọ́. Ó lè wú sókè bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí omi tó ń ṣàn lórí rẹ̀ ṣe ń yí po níbi gbogbo ni wọ́n ń ṣírò, etí nìkan ló sì tún ń sọ àpapọ̀ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi pè mí wá jẹun, n kò gbọ́.